Ẹnu Ẹni Ni A Fi Í Kọ Mé Jẹ: Àwòrán Obìnrin Mùsùlùmí Ilẹ̀ Yorùbá Nínú Ìwé àti Ìròyìn, àti Ohun tí Àwọn Fúnra Wọn Sọ

Ìfáárà

Ohun tí a fẹ́ ṣe nínú àpilẹ̀kọ yìí ni láti yẹ ọ̀nà tí àwọn òǹkọ̀wé, àwọn oníròyìn àti àwọn òṣèré gbà ń ya àwòrán obìnrin Mùsùlùmí wò, kí a sì gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ohun tí àwọn obìnrin náà ti fi ẹnu ara wọn sọ àti ohun tí wọ́n ti fi ọwọ́ ara wọn ṣe. Ilẹ̀ Yorùbá ni a ó gbájú mọ́. Ibi tí ọ̀rọ̀ bá ti kan ìyókù Nàìjíríà, a ó dé ibẹ̀, nítorí pé ìwé ìròyìn kì í mọ ààlà.

Ẹnìkan lè béèrè pé kí ni ó kan olùkọ́ èdè nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn. Ìdáhùn wa ni pé a kò wá wàásù níhìn-ín. Ọ̀rọ̀ ìtàn ni a ń sọ, àti ọ̀rọ̀ àwòrán. Àwa akọ́mọlédè ni a ń yan ìwé tí ọmọ ń kà. Àwa ni a ń fún un ní orí ọ̀rọ̀ tí yóò fi kọ àròkọ. Àwa ni a sì ń sọ fún un bóyá ènìyàn inú ìwé jọ ènìyàn inú ayé. Ní Ìbàdàn, ní Ìwó, ní Ẹ̀pẹ́, ní Ìsẹ́yìn àti ní Èkó, ọmọbìnrin tí ó ń jẹ́ Rìsíkátù tàbí Mọ̀ríámọ̀ wà lórí ìjókòó níwájú wa lójoojúmọ́. Bí a bá fún un ní ìwé tí ìyá rẹ̀ kò ti lóhùn, a ti kọ́ ọ ní ohun kan nípa ara rẹ̀, bí a kò tilẹ̀ la ẹnu.

Yorùbá ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, òṣìkà ni. Ìdí nìyí tí a fi ní kí á gbọ́ ti ọ̀tún, kí á gbọ́ ti òsì.

Àwòrán mẹ́ta tí ó wọ́pọ̀

Bí a bá fi ara balẹ̀ wo eré orí ìtàgé, eré orí tẹlifíṣàn, fíìmù àti ìwé ìròyìn wa, a ó rí i pé àwòrán mẹ́ta ni ó wọ́pọ̀ jù.

Àkọ́kọ́ ni ti eléhàá. Èyí ni obìnrin tí aṣọ dúdú bò láti orí dé ẹsẹ̀. Kì í sọ̀rọ̀. Ọkọ rẹ̀ ni ó ń bá a sọ ọ́. Nínú eré, ó lè gba ojú agbo kọjá lẹ́ẹ̀mẹta kí ó má dá gbólóhùn kan.

Èkejì ni ti Àlhájà. Wúrà ń bẹ ní ọrùn rẹ̀, wúrà ń bẹ ní eyín rẹ̀, léèsì olówó iyebíye ni ó wọ̀, ohùn rẹ̀ sì gba ọjà kan. Ó lówó, ṣùgbọ́n kò kàwé. Ó lọ sí Mẹ́kà, ṣùgbọ́n bí eré bá ń tẹ̀ síwájú, àwọn òǹwòran mọ̀ pé òun ni yóò wá oògùn fún orogún.

Ẹ̀kẹta ni ó jẹ́ tuntun nínú wọn. Obìnrin oníhíjáàbù tí a ń fura sí ni. Àwòrán yìí kò ti inú eré wá. Ó ti inú ìròyìn ogun, bọ́ǹbù àti ìjínigbé wá, ó sì ti di ohun tí ènìyàn ń rò nínú ọkọ̀ èrò bí obìnrin bẹ́ẹ̀ bá wọlé.

A kò sọ pé irọ́ gbuu ni àwọn àwòrán wọ̀nyí. Eléhàá wà nílẹ̀ Yorùbá, pàápàá ní agboolé àwọn àlùfáà kan. Àlhájà tí ó fi wúrà sí eyín nígbà tí ó ti Mẹ́kà dé wà pẹ̀lú. Àbùkù ibẹ̀ ni pé ìka kò dọ́gba, ṣùgbọ́n a mú ìka kan, a ní òun ni gbogbo ọwọ́. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn obìnrin Mùsùlùmí wa kò wọ ẹ̀há rí. Wọ́n ń ná ọjà, wọ́n ń rẹ aró, wọ́n ń hun aṣọ, wọ́n ń ṣe nọ́ọ̀sì, wọ́n ń kọ́ ọmọ ní ìwé.

Nígbà kan, a fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ní orí ọ̀rọ̀ yìí fún àròkọ: ‘Àlhájà kan ní àdúgbò wa.’ Ọ̀pọ̀ nínú wọn, Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì bákan náà, kọ nípa wúrà, ariwo àti ṣọ́ọ̀bù aṣọ. Èyí tí ó jọ wá lójú jù ni pé àwọn tí ìyá tiwọn gan-an jẹ́ Àlhájà, tí ó sì jẹ́ olùkọ́ tàbí òṣìṣẹ́ ìjọba, kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Wọ́n rò pé ohun tí àròkọ ń béèrè nìyẹn. Wọ́n ti mọ̀ pé Àlhájà inú ilé yàtọ̀ sí Àlhájà inú ìwé, wọ́n sì ti gbà pé ti inú ìwé ni ó yẹ ní kíkọ.

Ọwọ́ ta ni kálàmù wà?

Kí á tó dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi, ó yẹ kí á wo bí ọ̀rọ̀ náà ṣe bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀sìn Ìsìláàmù ti pẹ́ nílẹ̀ Yorùbá kí àwọn míṣọ́nnárì tó dé. Ọ̀rọ̀ inú èdè wa fi hàn bẹ́ẹ̀. Kálàmù, tàdáà àti wàláà ni irinṣẹ́ ìkọ̀wé tí àwọn baba wa mọ̀ kí wọ́n tó mọ sílétì. Àdúrà, àlàáfíà, àlùbáríkà, wàásù àti sùúrù ti wọ èdè wa dé ibi pé ẹlẹ́sìn gbogbo ni ó ń lò wọ́n. Èdè Lárúbáwá sì ni àwọn àlùfáà fi ń kọ̀wé.

Ṣùgbọ́n nígbà tí a ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ìwé ní èdè Yorùbá, ọwọ́ àwọn míṣọ́nnárì ni ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wà. Ní ọdún 1859 ni Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròyìn fún Àwọn Ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá ní Abẹ́òkúta, ó sì ń jáde títí di ọdún 1867. Iṣẹ́ tí Àjàyí Crowther àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe lórí ọ̀nà ìkọ̀wé àti ìtumọ̀ Bíbélì ni gbogbo wa jókòó lé lórí títí di òní. A kò lè dúpẹ́ oore yìí tán. Síbẹ̀, ẹni tí ó ni ẹ̀rọ ni ó ń yan ohun tí a ó tẹ̀. Kùránì àkọ́kọ́ tí a túmọ̀ sí Yorùbá, tí ó jáde ní ọdún 1906, àlùfáà ìjọ Kìrìsìtẹ́nì ni ó túmọ̀ rẹ̀, ìyẹn M. S. Cole. Bí ìwé mímọ́ tí àwọn Mùsùlùmí ń kà bá gba ọwọ́ ẹlòmíràn kọjá kí ó tó di Yorùbá, kò yani lẹ́nu pé ìtàn àwọn obìnrin wọn gba ọ̀nà kan náà.

Ilé-ìwé ni ẹ̀ka kejì ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn ìjọ ni ó ni ọ̀pọ̀ ilé-ìwé. Òbí Mùsùlùmí púpọ̀ kò fi ọmọ síbẹ̀, nítorí wọ́n mọ̀ pé ẹni tí ó bá wọlé gẹ́gẹ́ bíi Sùlè lè jáde gẹ́gẹ́ bíi Samuel. Ọdún 1896 ni ìjọba ṣí ilé-ìwé fún àwọn ọmọ Mùsùlùmí ní Èkó, pẹ̀lú aáyan Edward Blyden. Ọdún 1923 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ Ansar-Ud-Deen sílẹ̀ ní Èkó láti máa kọ́ ilé-ìwé tí ọmọ kò ti ní pa ẹ̀sìn rẹ̀ tì. Nígbà tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955 ni ilẹ̀kùn wá ṣí gbayawu. Nínú gbogbo ìdúró yìí, ọmọkùnrin ni a kọ́kọ́ ń rán lọ; ọmọbìnrin ni ó ń gbẹ̀yìn.

Èyí fi hàn pé fún nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún tí àṣà ìwé kíkọ ní Yorùbá fi ń fi ẹsẹ̀ múlẹ̀, obìnrin Mùsùlùmí tí ó lè kọ ìtàn ara rẹ̀ sínú ìwé kò wọ́pọ̀. Àwọn tí ó kọ ọ́ kò fi dandan kórìíra rẹ̀. Wọ́n kàn ń wò ó láti ọ̀ọ́kán ni. Ẹni tí ó bá dúró ní ọ̀ọ́kán yóò rí aṣọ; kò ní gbọ́ ọ̀rọ̀.

Ẹnu tí kò sí nínú ìwé

Ṣé nítorí pé wọn kò kọ̀wé ni a ó fi sọ pé wọn kò sọ̀rọ̀? Ẹ jẹ́ kí á wo Àlímọ́tù Pẹlẹ́wùrà. Mùsùlùmí ni, ẹlẹ́ja ni ní ọjà Èrèkò ní Èkó, kò sì mọ̀wé. Òun ni ó jẹ́ olórí ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ọlọ́jà Èkó fún ọ̀pọ̀ ọdún títí ó fi kú ní ọdún 1951. Nígbà tí ìjọba amúnisìn gbé òfin jáde ní ọdún 1940 pé kí obìnrin tí owó tí ń wọlé fún un bá ju £50 lọ lọ́dún máa san owó orí, Pẹlẹ́wùrà kó àwọn obìnrin jọ ní oṣù kejìlá ọdún náà, wọ́n sì wọ́ lọ bá ìjọba. Ìjọba sún iye náà sókè dé £200. Èyí yọ ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn ọlọ́jà kúrò nínú ìgbèkùn owó orí. Nígbà ogun àgbáyé kejì, tí ìjọba fẹ́ máa fi agbára dá iye lé oúnjẹ ọjà, tí Ọ̀gbẹ́ni Pullen sì jẹ́ alábòójútó rẹ̀, òun náà ni ó ṣáájú àwọn tí ó kọ̀ ọ́ títí tí ètò náà fi dópin ní ọdún 1945.

Kí ni ó wà nínú ìwé nípa rẹ̀? Àwọn akọ̀wé ni ó ń bá àwọn ọlọ́jà kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ sí ìjọba, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sì ń fi kọ ọ́. Yorùbá ni Pẹlẹ́wùrà fi ń sọ̀rọ̀. Ohun tí ó sọ ní ọjà, tí obìnrin ẹgbẹẹgbẹ̀rún gbọ́ tí wọ́n sì tẹ̀lé e, ọ̀rọ̀ Yorùbá ni. Àwa tí a ń kọ́ni ní Yorùbá ni ó yẹ kí á kọ́kọ́ kà á sí ọ̀rọ̀.

Ẹ jẹ́ kí á tún wo orin wákà. Ọ̀rọ̀ Hausa tí ó túmọ̀ sí orin ni wákà ti wá, ṣùgbọ́n àwọn obìnrin Mùsùlùmí Yorùbá ni ó sọ ọ́ di tiwọn. Níbi ìkómọ, níbi wòlímá àwọn tí ó ka Kùránì tán, níbi ìpàdé àwọn tí ó ti Mẹ́kà dé, àwọn obìnrin ni ó ń dá orin, àwọn ni ó ń gbè é. Nínú orin náà ni wọ́n ti ń yin Ọlọ́run, tí wọ́n ń kìlọ̀ fún ọkọ, tí wọ́n ń bá orogún wí, tí wọ́n sì ń sọ ohun tí ojú wọn rí. Nígbà tí ó yá, orin yìí wọ inú àwo. Bátílè Àlàkẹ́, ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó, ni a gbà pé ó ṣáájú nínú àwọn tí ó gbé wákà dé ibi àwo rẹ́kọ́ọ̀dù. Ní ọdún 1976, Sàláwà Àbẹ̀ní, tí kò ì pé ọmọ ogún ọdún, gbé àwo jáde lórí ikú Murtala Muhammed, olórí ìjọba tí wọ́n pa ní oṣù kejì ọdún náà. Ọmọbìnrin kan jókòó sí ìdí gbohùngbohùn, ó sì sọ èrò tirẹ̀ nípa ọ̀ràn ìjọba orílẹ̀-èdè ní etí gbogbo ayé. Ní ọdún 1992, Aláàfin Ọ̀yọ́, Ọba Làmídì Adéyẹmí Kẹta, fi í jẹ Ọbabìnrin Wákà.

Òótọ́ ni pé àwọn àlùfáà kan kò fẹ́ kí obìnrin máa kọrin ní gbangba. Àríyànjiyàn yẹn wà, kò sì tíì tán. Ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ ṣàkíyèsí pé bí obìnrin kò bá lóhùn ní ìbẹ̀rẹ̀, kò sí ohun tí à bá máa jiyàn lé lórí.

Bákan náà ni oyè inú mọ́ṣáláṣí. Ìyá Sùnnà àti Ìyá Àdínì kì í ṣe orúkọ lásán. Obìnrin tí ó bá jẹ oyè náà ń parí ìjà, ó ń kó owó jọ fún àtúnṣe mọ́ṣáláṣí, ó ń ṣètò àwọn ẹgbẹ́ àsàlátù. Nínú fíìmù tí a ti ń rí eléhàá tí kò sọ̀rọ̀, mélòó ni a ti rí Ìyá Sùnnà tí ó ń parí ìjà?

Àwọn tí ó kọ́ ilé-ìwé, àti àwọn tí ó dá ìwé ìròyìn tiwọn sílẹ̀

Ẹni tí a ó tún mẹ́nu bà ni Àlhájà Humani Alága ti Ìbàdàn. Oníṣòwò aṣọ ni. Òun fúnra rẹ̀ kò lọ sí ilé-ìwé, ṣùgbọ́n ó fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ lọ. Nígbà tí wọn kò gba ọmọ rẹ̀ obìnrin sí ilé-ìwé gíga kan nítorí pé Mùsùlùmí ni, kò mú ọmọ náà padà sí ìdí ọjà. Òun àti àwọn obìnrin ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ Ìsàbátùdéènì sílẹ̀ ní ọdún 1958. Ní ọdún 1964, ẹgbẹ́ náà ṣí ilé-ìwé girama fún àwọn ọmọbìnrin ní Ìbàdàn. Bí a bá fi èyí sí ẹ̀gbẹ́ àwòrán Àlhájà inú eré, a ó rí i pé ohun kan náà ni wọ́n fi ṣe àwọn méjèèjì: obìnrin, Mẹ́kà, ọjà, aṣọ àti owó. Òǹkọ̀wé eré wo owó náà, ó rí wúrà eyín. Àlhájà Humani wo owó náà, ó rí ilé-ìwé.

Àwọn ọmọ tí ó ti irú ilé-ìwé bẹ́ẹ̀ jáde ni ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé. Ní ọdún 1985 ni àwọn ẹgbẹ́ obìnrin Mùsùlùmí láti gbogbo Nàìjíríà para pọ̀ dá àpapọ̀ ẹgbẹ́ tí a mọ̀ sí FOMWAN sílẹ̀. Aisha Lemu, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó di Mùsùlùmí tí ó sì fi Nàìjíríà ṣe ilé, ni Àmírà àkọ́kọ́. Àlhájà Látífátù Òkúnnú ti Èkó, tí ó ṣe igbákejì gómìnà Ìpínlẹ̀ Èkó ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, wà lára àwọn tí ó jẹ Àmírà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹgbẹ́ náà ń tẹ ìwé ìròyìn tí ìtumọ̀ orúkọ rẹ̀ jẹ́ Obìnrin Mùsùlùmí. Àwọn obìnrin náà kò dúró de oníròyìn mọ́. Àwọn fúnra wọn di oníròyìn.

Ẹni tí wọ́n máa ń tọ́ka sí gẹ́gẹ́ bí àwòkọ́ṣe ni Nana Asma'u, ọmọ Usman dan Fodio ti Ṣókótó, tí wọ́n bí ní ọdún 1793 tí ó sì kú ní ọdún 1864. Ó kọ ewì ní èdè Lárúbáwá, Fúlàní àti Hausa. Ó kó àwọn obìnrin jọ, ó kọ́ wọn, wọ́n sì ń lọ láti abúlé dé abúlé láti kọ́ àwọn obìnrin mìíràn nínú ilé wọn. Ewì ni ìwé tí wọ́n fi ń kọ́ni. Ẹ ṣàkíyèsí ọgbọ́n yìí: ohùn obìnrin ni ó gbé ẹ̀kọ́ dé inú ẹ̀há, níbi tí àwọn tí ó wà ní ìta rò pé ìdákẹ́jẹ́ nìkan ni ó wà.

Nígbà tí ìròyìn àgbáyé dé

Àwọn nǹkan tí a ti sọ wọ̀nyí kò tó láti dá àwọn oníròyìn àgbáyé dúró. Ní oṣù kẹta ọdún 2002, ilé ẹjọ́ ṣàríà kan ní Ìpínlẹ̀ Kàtsínà dá Amina Lawal lẹ́bi àgbèrè, ó ní kí wọ́n sọ ọ́ lókùúta pa. Gbogbo ayé gbọ́. Ìwé ìròyìn Yúróòpù àti Amẹ́ríkà kọ nípa obìnrin aláìní-olùgbèjà tí àwọn ará òkèèrè gbọ́dọ̀ gbà là. Ohun tí púpọ̀ nínú wọn fò dá ni pé ó ní olùgbèjà. Hauwa Ibrahim, agbẹjọ́rò obìnrin tí òun náà jẹ́ Mùsùlùmí, wà lára àwọn tí ó ro ẹjọ́ rẹ̀. BAOBAB, ẹgbẹ́ tí ń jà fún ẹ̀tọ́ obìnrin tí ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Èkó, wà lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú. Nínú òfin Ìsìláàmù fúnra rẹ̀ ni wọ́n ti wá ẹ̀rí jáde. Ní ọjọ́ 25 oṣù kẹsàn-án ọdún 2003, ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ṣàríà ní Kàtsínà dá a sílẹ̀.

Kí ẹjọ́ náà tó parí, Ayesha Imam, tí ó wà lára àwọn olùdásílẹ̀ BAOBAB, àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ ìwé ní ọdún 2003 sí àwọn tí ń kó ìbuwọ́lù jọ ní òkèèrè. Wọ́n bẹ̀ wọ́n kí wọ́n ṣíwọ́ àwọn ìwé tí àṣìṣe kún inú rẹ̀. Wọ́n ṣàlàyé pé irú ìwé tí ń bú ẹ̀sìn lápapọ̀ lè mú kí àwọn alágídí túbọ̀ gan paali, kí ó sì pa ẹni tí wọ́n fẹ́ gbà là lára. Ẹnu ẹni ni a fi í kọ mé jẹ. Àwọn obìnrin wọ̀nyí kọ ìyà ilé, wọ́n sì kọ àánú òkèèrè tí kò bèèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ó ń ṣàánú fún.

Lẹ́yìn èyí ni ti Boko Haram dé. Ní oṣù kẹrin ọdún 2014 ni wọ́n jí àwọn ọmọbìnrin 276 gbé ní ilé-ìwé wọn ní Chibok. Láàárín ọdún náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í di bọ́ǹbù mọ́ obìnrin àti ọmọbìnrin lára. Ní ìparí ọdún 2015, Ààrẹ Muhammadu Buhari sọ fún àwọn oníròyìn pé bí ó bá ń bá a lọ bẹ́ẹ̀, ìjọba lè ní láti fi òfin de híjáàbù. Ìjọba kò ṣe òfin náà, ṣùgbọ́n àwòrán kẹta tí a sọ lókè ti fìdí múlẹ̀. Àwọn obìnrin tí Boko Haram kọ́kọ́ ṣe níkà, Mùsùlùmí púpọ̀ wà nínú wọn. Wọ́n di ẹni tí a pa lára, wọ́n sì tún di ẹni tí a ń fura sí.

Híjáàbù ní ilé ẹjọ́

Nílẹ̀ Yorùbá, ilé-ìwé ni ìjà híjáàbù ti gbóná jù. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin méjì àti ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Mùsùlùmí pe ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó lẹ́jọ́ nítorí òfin tí kò jẹ́ kí wọ́n wọ híjáàbù lé aṣọ ilé-ìwé ìjọba. Ní ọjọ́ 17 oṣù kẹwàá ọdún 2014, ilé ẹjọ́ gíga ní Ìkẹjà dá ìjọba láre. Ní ọjọ́ 21 oṣù keje ọdún 2016, ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn yí ìdájọ́ náà padà. Ní ọjọ́ 17 oṣù kẹfà ọdún 2022, ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ fi ọwọ́ sí ti àwọn ọmọ náà. Adájọ́ 5 nínú 7 ni ó gbà bẹ́ẹ̀. Láàárín àkókò yìí, ní oṣù kejìlá ọdún 2017, wọ́n dá akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan tí ó jáde ní Yunifásítì Ìlọrin padà ní ẹnu ọ̀nà níbi tí wọ́n ti ń pe àwọn agbẹjọ́rò tuntun ní Àbújá, nítorí pé ó fi híjáàbù sí abẹ́ irun agbẹjọ́rò. Ní oṣù keje ọdún 2018, wọ́n pè é pẹ̀lú híjáàbù rẹ̀.

A kò wá dá ẹjọ́ náà ní ẹ̀ẹ̀kejì. Ohun tí a fẹ́ tọ́ka sí ni bí a ṣe ròyìn rẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ìròyìn, ìjà láàárín ìjọba àti ẹgbẹ́ ẹ̀sìn ni, láàárín àwọn pásítọ̀ àti àwọn àlùfáà. Ọmọ tí ó ni orí tí híjáàbù wà lórí rẹ̀ kò sọ̀rọ̀ púpọ̀ nínú ìròyìn. Bẹ́ẹ̀ òun ni ó lọ sí ilé ẹjọ́.

Ó tún yẹ kí á rántí pé àwọn obìnrin Mùsùlùmí fúnra wọn kò sọ ohun kan náà. Àwọn ìyá tí ó lọ sí Mẹ́kà ní àwọn ọdún 1960 àti 1970 ń fi ìborùn lé gèlè, ó sì tó wọn. Àwọn ọmọ wọn tí ó lọ sí yunifásítì lẹ́yìn ìgbà náà ni ó ń wọ híjáàbù, wọ́n ní ìwé ni àwọn kà tí àwọn fi yàn án. Ìyá ń bi ọmọ pé ṣé ẹ̀sìn tí òun ń ṣe kò pé ni? Ọmọ ń fèsì pé ọ̀wọ̀ ìyá kò dí òun lọ́wọ́. Àríyànjiyàn inú ilé tí ó kún fún òye ni èyí, àwọn méjèèjì ni ó sì mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Òǹkọ̀wé eré tí ó bá gbé e ka orí ìtàgé bí ó ti rí kò ní wá òǹwòran tì.

Nàìjíríà ti ní obìnrin méjì tí ó jẹ́ Adájọ́ Àgbà orílẹ̀-èdè: Aloma Mariam Mukhtar ní ọdún 2012 àti Kudirat Kekere-Ekun ní ọdún 2024. Ọmọ Kánò ni ti àkọ́kọ́, ọmọ Èkó ni ti èkejì, àwọn méjèèjì sì ni ó ń jẹ́ orúkọ Mùsùlùmí. Nínú àwòrán mẹ́ta tí a kà lókè, kò sí èyí tí ó gba irú wọn.

Iṣẹ́ tí ó kù fún àwa olùkọ́

Bí ọ̀rọ̀ bá rí báyìí, kí ni kí olùkọ́ ṣe? Ohun mẹ́ta ni a rí.

Èkíní, kí á fi orin wákà àti orin àsàlátù kún lítíréṣọ̀ àfẹnusọ tí a ń kọ́ ní kíláàsì. A ń kọ́ ìjálá, a ń kọ́ ẹkún ìyàwó, a ń kọ́ rárà. Wákà náà ní àwítúnwí, àfiwé àti ìfọ̀rọ̀dárà. Kí á rán àwọn ọmọ sí àwọn ìyá àgbà ní àdúgbò kí wọ́n gba orin náà sílẹ̀. Ọjọ́ ń lọ, àwọn tí ó mọ̀ ọ́n ń dàgbà.

Èkejì, kí á máa yẹ orúkọ àti ìṣe wò nínú ìwé kíkà. Bí ọmọ bá ka ìwé mẹ́fà tí Rábì kò ṣe dókítà rí nínú rẹ̀, tí Àfúsátù kò sì ṣe ju kí ó ta ata lọ, kí olùkọ́ bi kíláàsì léèrè ìdí rẹ̀. Ata títà kò burú. Pẹlẹ́wùrà ta ẹja. Ohun tí ó burú ni kí a má jẹ́ kí ẹni tí ń ta ata sọ̀rọ̀.

Ẹ̀kẹta, kí á kọ́ ọmọ láti máa bi ìròyìn ní ìbéèrè kan: ta ni ó ń sọ̀rọ̀ níhìn-ín, ta ni a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, ǹjẹ́ a gbọ́ ti ẹnu rẹ̀? Ìbéèrè yìí kò mọ ní ọ̀rọ̀ obìnrin Mùsùlùmí nìkan. Ó kan babaláwo tí fíìmù sọ di òṣìkà, ó kan ọmọ ọ̀dọ̀, ó kan ará oko. Bí Mùsùlùmí náà bá kọ eré tí ó fi gbogbo pásítọ̀ ṣe ẹlẹ́tàn, ìbéèrè kan náà ni kí á bi í.

Àgbálọgbábọ̀

A ti gbìyànjú láti fi hàn pé àwòrán obìnrin Mùsùlùmí tí ó wà nínú ìwé àti ìròyìn wa kò ti inú ìdákẹ́jẹ́ àwọn obìnrin náà wá. Ó ti inú ìtàn kálàmù àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wá. Wọ́n sọ̀rọ̀ ní Èrèkò ní ọdún 1940, wọ́n sọ̀rọ̀ nínú àwo wákà ní ọdún 1976, wọ́n fi ilé-ìwé sọ̀rọ̀ ní Ìbàdàn, wọ́n sọ̀rọ̀ ní ilé ẹjọ́ ní Kàtsínà àti ní Èkó. Púpọ̀ nínú ọ̀rọ̀ náà, èdè Yorùbá ni wọ́n fi sọ ọ́. Nítorí náà, kò sí ẹni tí ó sún mọ́ ọn tó àwa akọ́mọlédè, kò sì sí ẹni tí ojú yóò tì tó wa bí ó bá parun láìjẹ́ pé ọmọ kan kà á ní kíláàsì wa.